Owó Ìfiránṣẹ́ àti Owó Ìbẹ̀rẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí A Ń Tajà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, ẹni tí ó ṣòwò kí ìmísí tó sọ̀ kalẹ̀ fún un, tí àwọn ará Mẹ́kà sì ti ń pè ní Al-Amīn, ẹni ìfọkàntán, nígbà tí kò tíì jẹ́ Òjíṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Kí ó máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀. Lẹ́yìn ọpẹ́, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, lọ́kùnrin lóbìnrin, a gba ara wa níyànjú, a sì gba ẹ̀yin náà níyànjú, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀, kí a sì bẹ̀rù Rẹ̀ nídìí ọjà pẹ̀lú.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí a wà yìí, ilé tí kò sí ẹni tí ń ta nǹkan lórí eBay, lórí Vinted tàbí lórí Facebook kò pọ̀ mọ́ láàárín wa. Bàtà tí ó ti kéré jù fún ọmọ, fóònù àlòkù, aṣọ òkè tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ ni a ń yà ní fọ́tò tí a sì ń gbé síta. Àwọn kan fi ń dín ẹrù ilé kù, àwọn mìíràn fi ń san owó iná. A kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni ó ń wá sí ọ́fíìsì wa lemọ́lemọ́: èló ni kí a kọ fún owó ìfiránṣẹ́, àti pé èló ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo? Ẹni tí ó bá rò pé ìbéèrè yìí kéré jù fún orí mínbárì, kí ó fara balẹ̀ gbọ́ wa.

Kí a tó dáhùn, a fẹ́ sọ ẹrù kan kalẹ̀ fún àwọn tí ń bẹ̀rù ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀sìn wa kò fi òdiwọ̀n sí èrè. Anas ọmọ Mālik ròyìn pé ọjà gbówó lórí ní Mẹ̀dínà, àwọn ènìyàn sì bẹ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé kí ó bá wọn dá iye lé e. Kò gbà. Ó ní Ọlọ́hun ni Ó ń dá iye lé ọjà, òun sì ń retí kí òun pàdé Olúwa òun láìsí ẹnì kan tí yóò pe òun lẹ́jọ́ lórí ẹ̀mí tàbí lórí dúkìá. Nítorí náà, ẹni tí ó ra gèlè ní £5, tí ó sì tà á ní £30, tí kò purọ́ nípa rẹ̀, kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni.

Owó ìfiránṣẹ́ yàtọ̀. Nígbà tí a bá ní bàtà wa jẹ́ £20, ìfẹ́ inú wa ni a sọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ yóò bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kọ ọ́ pé owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ £9, ìròyìn ni a ń ṣe. À ń sọ fún oníbàárà pé owó yìí kì í ṣe tiwa, pé ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, ọwọ́ wa ni yóò kàn gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà kì í fi í ná an. Ẹni tí yóò ná bàtà náà láti £20 wá sí £14, tí yóò sì tún béèrè èènì lé e, kì í sọ nǹkan kan nípa owó pósọ́fíìsì, nítorí ó gbà pé owó ẹlòmíràn ni. Bí pósọ́fíìsì bá wá gba £4 lọ́wọ́ wa, tí £5 sì wọ àpò wa, orí ìfọkàntán ẹni náà ni a ti jèrè, kì í ṣe orí bàtà.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa mọ irú òwò yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ń pè é ní murābaha: kí ẹni tí ń tajà sọ iye tí ọjà ná an gan-an, kí ó sì sọ èrè tí ó fẹ́ lé e lórí. Ní mazhab Imām Mālik, tí àwọn bàbá wa ń tẹ̀ lé nílé, bí ẹni náà bá purọ́ nípa iye tí ọjà ná an, tí ó wá yọ àlékún irọ́ náà àti èrè orí rẹ̀ kúrò, òwò dúró. Bí kò bá yọ ọ́, oníbàárà lè dá ọjà padà. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó fi ipá mú oníṣòwò náà sọ iye tí ó ra ọjà rẹ̀. Nígbà tí ó ti sọ ọ́, òtítọ́ di dandan fún un.

Àwọn kan yóò ní £5 péré ni, tàbí £1.50. Ẹ jẹ́ kí a ka Súrà Al-Mutaffifīn nílé. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ṣe ìlérí ègbé fún àwọn tí ń gbà kún nígbà tí wọ́n bá ń gbà, tí wọ́n sì ń dín in kù nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n fún ẹlòmíràn. Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá ṣàlàyé pé orí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ohun kékeré, ohun tí kò tó nǹkan, ni a ti yọ orúkọ wọn. Ẹni tí ń dín òṣùwọ̀n kù kì í jí àpò ìrẹsì gbé. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni ó ń mú nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní pa á lẹ́jọ́ sí. Orí ẹ̀kúnwọ́ yẹn ni súrà odindi sọ̀ kalẹ̀ sí.

Àwọn tí ó pẹ́ lórí eBay yóò rántí ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà ń mú ìdá tirẹ̀ lórí owó ọjà nìkan. Àwọn ènìyàn wá ń kọ 99p fún ọjà, £15 fún ìfiránṣẹ́. Nígbà tí ó yá, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ìfiránṣẹ́ mọ́ ọn. Síbẹ̀ àṣà náà kò kú, nítorí pé 99p ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Òfin ilẹ̀ yìí pàápàá ti kíyè sí i. Òfin ọdún 2013 pàṣẹ pé bí oníbàárà bá yí ọkàn padà láàárín ọjọ́ 14, oníṣòwò gbọ́dọ̀ dá owó ọjà padà, kí ó sì fi owó ìfiránṣẹ́ gbẹ̀fẹ́ tí ó gbà níbẹ̀rẹ̀ kún un. Àwọn oníṣòwò ni èyí wà fún, kì í ṣe ẹni tí ń ta ẹrù ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kì í di ẹ̀tọ́ nítorí pé òfin kò kàn wá.

Kí ni ó wá tọ́? Páálí, téèpù, ọ̀rá tí a fi ń wé ohun fífọ́, owó ọkọ̀ dé pósọ́fíìsì, gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ìnáwó gidi, a sì lè kà á mọ́ ọn, bí a bá ti kọ ọ́ pé ìfiránṣẹ́ àti ìdìpọ̀ ni. Làálàá wa àti èrè wa, inú owó ọjà ni kí a fi í sí. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó kọ £24 fún bàtà náà, kí ó sì ní òun yóò fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Iye tí ó wọlé lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ níbẹ̀. Èyí ni a fẹ́ràn jù fún àwọn tí kò fẹ́ wàhálà ìṣirò.

Kí a sì wọn ẹrù kí a tó kọ iye. Royal Mail kò ní gba ohun tí ó nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ńlá. Bí ó bá lé díẹ̀ péré, ó ti di páálí nìyẹn, owó rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Páálí kékeré kò gbọ́dọ̀ ju kílò 2 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 45 sí 35 sí 16 lọ. Ìwọ̀n ibi ìdáná àti rúlà ọmọ ilé ìwé tó fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn tí a bá ti dì í tán ni kí a wọ̀n ọ́, nítorí páálí fúnra rẹ̀ ní ìwúwo. Bí a bá ṣìrò tí owó kò tó, àwa ni yóò fara mọ́ ọn. Òwò ti parí, a kò lè padà lọ béèrè àlékún. Ẹni tí ó lẹ owó tí kò tó mọ́ ẹrù, tí pósọ́fíìsì sì lọ gba ìyókù lọ́wọ́ oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ti mú gbèsè ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́rùn. Bí ẹnì kan bá sì ra aṣọ mẹ́ta lọ́wọ́ wa, tí ó san owó ìfiránṣẹ́ lọ́nà mẹ́ta, tí a wá kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí kan, kí a dá ìyókù padà fún un. Kí a má dúró dìgbà tí yóò béèrè. Èyí kan àwọn ìyá wa tí ń kó ẹrù oníbàárà púpọ̀ jọ sínú páálí kan lọ sí Èkó pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ owó ìbẹ̀rẹ̀ ni ó kù. Gbàǹjo kì í ṣe ohun àjèjì nínú ẹ̀sìn wa. Ọ̀kan nínú àwọn Ànsárì wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ó bi í pé ṣé kò sí nǹkan kan nílé rẹ̀ ni. Ọkùnrin náà ní aṣọ kan ń bẹ tí àwọn ń fi apá kan bora, tí àwọn ń tẹ́ apá kan, àti abọ́ tí àwọn fi ń mu omi. Ó ní kí ó kó wọn wá. Ó mú wọn lọ́wọ́, ó ní ta ni yóò rà á. Ẹnì kan ní dírámù 1. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta pé ta ni yóò fi kún un, ẹlòmíràn sì san dírámù 2. Dírámù kan ra oúnjẹ, èkejì ra àáké, ọkùnrin náà sì lọ ń ṣẹ́gi tà. Lẹ́yìn ọjọ́ 15 ó padà wá pẹ̀lú dírámù 10. Ẹrù ilé àlòkù ni wọ́n tà lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lónìí. Kò sí ẹni tí ó pe abọ́ náà ní tuntun, kò sì sí ọ̀rẹ́ kan tí a fi pamọ́ sáàárín èrò láti gbé owó sókè.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ọmọ ìyá wa kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí gbàǹjo, ó fi 99p bẹ̀rẹ̀ nítorí wọ́n sọ fún un pé iye kékeré ń pe èrò. Èrò kò wá. £11 ni gbàǹjo parí sí. Ó kọ̀wé sí ẹni tí ó rà á pé ẹ̀rọ náà ti já bọ́, ó ti bàjẹ́, ó sì dá owó padà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún gbé ẹ̀rọ kan náà síta ní £60. Ẹni tí ó rà á rí i. Inú mọ́sálásí yìí ni àwọn méjèèjì ti ń kírun, wọn kò sì mọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi dé iwájú wa. Láti ìgbà náà wọn kì í kí ara wọn. Ìdájọ́ wa ni pé ẹni tí ó fi £11 rà á ni ó ni ẹ̀rọ náà. Ẹnì kan tí ó kàwé bi wá pé ṣé àwọn onímọ̀ kò ní ẹni tí ń ta gbàǹjo lè kọ owó tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn? Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ọjà sórí eBay ti fọwọ́ sí àdéhùn ibẹ̀ pé ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù nígbà tí àkókò bá pé ni ó rà á, Súrà Al-Mā'ida sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pé kí a mú àdéhùn ṣẹ. Bí £40 ni iye tí a lè gbà láìfi ojú ro, £40 ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ fi iye kékeré pe èrò, eBay ní àyè fún iye tí a kò ní tà á kéré sí, yóò sì hàn sí àwọn tí ń náwó pé owó kò tíì dé ibẹ̀. Ìyẹn kò ní ìbòjú.

Àwọn mìíràn rí ọ̀nà kan tí ó burú jù: wọ́n ní kí ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ wọn máa fi owó lé owó, tàbí kí àwọn fúnra wọn fi orúkọ kejì ṣe é. Najash ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pe èyí, ó sì kọ̀ ọ́ fún wa. Àwọn mazhab mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ẹnu kò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ní tiwa, oníbàárà tí ó bá mọ̀ lẹ́yìn náà lè dá ọjà padà. Ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ kan ní Bradford dá ẹnì kan lẹ́bi lórí ohun yìí gan-an lórí eBay.

Àwọn bàbá wa ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. A mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ £24 síta lè pẹ́ kí ó tó tà ju ẹni tí ó kọ 99p lọ. A kò ní tàn yín lórí ìyẹn. Síbẹ̀ Hakīm ọmọ Hizām gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé bí ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà bá sọ òtítọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé, a ó fi àlùbáríkà sí òwò wọn. Bí wọ́n bá fi nǹkan pamọ́ tí wọ́n sì purọ́, àlùbáríkà rẹ̀ yóò parẹ́.

Ìwọ̀n kan wà ní ọ́fíìsì mọ́sálásí, rúlà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kí ó gbé ẹrù rẹ̀ wá lẹ́yìn ìrun Asr. Ẹni tí ó bá sì ní owó ìfiránṣẹ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí kò mọ bí yóò ti dá a padà, kí ó bá wa sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. A kò ní béèrè orúkọ.

Ọlọ́hun, fi ẹ̀tọ́ Rẹ tó wa, kí a má ṣe wá èèwọ̀ Rẹ. Mú àwọn ọmọ ìyá wa méjèèjì padà sí ìkíni ara wọn. Àmín.

Ẹ dìde, ẹ to sáfù.