Ẹni tí Ìjọba Pè tí Kò Jẹ́

Ní 1975, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed yan ènìyàn 50 láti kọ àbá òfin orílẹ̀-èdè yìí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ̀. Àwọn 49 tí ó kù ni wọ́n ṣe é. N kò mú un wá nítorí òwò, bí kò ṣe pé iṣẹ́ náà kò tìtorí ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ dúró.

Òfin 1979, àti ti 1999 lẹ́yìn rẹ̀, sọ pé ẹni tí ó di ipò ìjọba mú kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àǹfààní ara rẹ̀ tako iṣẹ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá gba gbogbo àkókò rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣe òwò kankan, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan ní Ìlọrin níhìn-ín, tí ó ń tà fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí a wá fẹ́ fi ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́. Àwọn ẹbí yóò máa jó. Wọn yóò ní kí ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sára ṣọ́ọ̀bù. (Ẹ̀tàn gbáà ni, lójú tèmi.) Ta ni yóò wá dúnàádúrà? Òun ni òǹtà, òun náà ni òǹrà, owó gbogbo wa ni ó sì ń ná.

Bí kò bá lè pa òwò náà tì, kí ó dá ìwé ìyànsípò padà. Mo gbà pé ìlú pàdánù bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ bá kọ̀. Ṣùgbọ́n àdánù tí ojú rí nìyẹn. Kí ó sì kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé náà, kí ìjọba lè tètè wá ẹlòmíràn.