Ẹni Tí Ó Ni Ọkọ̀ Kò Ni Ọ̀nà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fà yọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yin ẹni tí kò dúró de ẹlòmíràn kí ó tó tún ohun ìní rẹ̀ ṣe. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí ó gun àkàsọ̀, tí ó sì dí ojú ihò náà fúnra rẹ̀, ìyìn ni a ń fún un. Bí kò bá sì dí i dáadáa, òun àti ará ilé rẹ̀ ni òjò yóò pa. Bí ó bá wá jẹ́ ọkọ̀ ni a fi ọwọ́ ara wa tún ṣe ńkọ́, tí a sì gbé e bọ́ sí títì níbi tí ọmọ ọlọ́mọ ń gbà kọjá? Ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ níní tí a ni nǹkan tó láti fún wa ní ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe, nígbà tí ẹ̀mí àwọn tí kò mọ̀ wá rí rọ̀ mọ́ ọn?

Kí ọ̀rọ̀ má baà di àdììtú, ẹ jẹ́ kí a gbé e ka orí ilẹ̀ tí a mọ̀. Ògijo jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣágámù, níbi tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ti bá Ìpínlẹ̀ Èkó pààlà. Ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ àlòkù irin wà níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá a sì máa kó irin wọlé, wọn a máa kó o jáde. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn awakọ̀ ti ń ráhùn nípa kòtò àti gegele ojú ọ̀nà náà. Kí a wá fi ṣe àpẹẹrẹ pé olùkọ́ kan ń gbé ní Ògijo, ó sì ra Toyota Celica àlòkù, ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí a ṣe fún eré, irú èyí tí wọ́n ń ṣe jáde láti 1970 títí di 2006. Nígbà tí ó yá, ṣọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ kú. Olùkọ́ náà ní ìwé àtúnṣe ọkọ̀ lọ́wọ́, ó ní sípánà, kò sì níṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní òun yóò pààrọ̀ rẹ̀ fúnra òun.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni Yorùbá ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá ń yọ́ kẹ́lẹ́ kì í ta gìrì, kì í sì í gbo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń mú kí orúkọ yìí ro ọkọ̀. Sípíríǹgì ni ó ń ru ìwúwo ọkọ̀, tí ó sì ń sún kì nígbà tí táyà bá já sí kòtò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òun nìkan sílẹ̀, yóò máa fò sókè sódò bí bọ́ọ̀lù. Ṣọ́ọ̀kì, ọ̀pá irin tí òróró wà nínú rẹ̀, ni ó ń mú un wálẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí pé òróró náà gbọ́dọ̀ gba ojú ihò tóóró kọjá kí ọ̀pá tó lè wọlé tàbí jáde. Earle MacPherson, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ni ó so méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan tí ó tún ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú ní ìdúró. Àwọn ọkọ̀ Ford Consul àti Zephyr tí a kọ́kọ́ fi han aráyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1950 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó, irú rẹ̀ náà ni ó sì wà níwájú Celica. Ẹni tí ó bá tú ṣọ́ọ̀kì yìí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ gan-an ni ó tú.

Àárẹ̀ ṣọ́ọ̀kì kì í sábà dé lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni òróró rẹ̀ ń jò. Ọkọ̀ a máa tẹ imú wálẹ̀ bí a bá tẹ bíréèkì, táyà a máa jẹ ní ojúkan-ojúkan, ọkọ̀ a sì pẹ́ kí ó tó dúró lójú ọ̀nà tí kò tẹ́jú, nítorí pé táyà kò lè fara mọ́ ilẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹni tí ń wà á lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀, ara rẹ̀ ti bá a mu. Àlejò tí ó wọ ọkọ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ béèrè pé kí ló ń ṣe é. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí i.

Àwọn tí ó fara mọ́ ìpinnu olùkọ́ yìí ní àwíjàre. Èkíní ni pé owó rẹ̀ ni ó fi ra ọkọ̀. Èkejì ni pé kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ni ó ṣeé gbọ́kàn lé: òmíràn a gba owó ṣọ́ọ̀kì tuntun, a sì fi àlòkù tí a fọ̀ mọ́ sí i, ẹni tí kò mọ ohun tí ń bẹ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Ẹ̀kẹta, tí ó lágbára jù lọ, ni pé ẹni tí ó mọ bí ohun ìní rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹrú fún un. Àwọn kan dá wọn lóhùn pé kí ó jẹ́ kí oníṣẹ́ jẹun nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èsì yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó gún iyán nílé kò jẹ olóúnjẹ ní gbèsè.

Ewu iṣẹ́ náà ni ó yẹ kí a wò, ewu náà sì pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan wà nínú àgbàlá olùkọ́ náà. Bí ó bá fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀, tí kò fi irin ìdúró tì í lábẹ́, ọkọ̀ lè já lé e lórí. Bí ó bá tú nọ́ọ̀tì àárín tí ó wà lórí ṣọ́ọ̀kì kí ó tó fi irin ìfúnpọ̀ de sípíríǹgì, sípíríǹgì tí ń ru ohun tí ó ju 200 kílò lọ lè ta jáde bí ọfà, kí ó sì pa á. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ewu yìí, òun ni ó mọ̀ ọ́n, òun ni ó sì yàn án.

Èkejì ń dúró dè é lójú títì. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí kò le tó, rọ́bà bíréèkì tí ó lọ́, ẹsẹ̀ táyà tí kò tọ́ mọ́ nítorí pé kò gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe aláínmẹ́ǹtì: àwọn wọ̀nyí lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ iléèwé tí ń sọdá. Ọmọ náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Kò mọ̀ pé ẹnì kan tú ọkọ̀ ní Sátidé. A lè fi ara wa wewu. A kò ní àṣẹ láti fi ara ẹlòmíràn wewu láìsọ fún un.

Ǹjẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ nìkan ni ó wá lẹ́tọ̀ọ́? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìkọ́ṣẹ́ ń fún ènìyàn. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì a lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó tó gba òmìnira. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọ̀gá ń tẹ̀ lé e, ó ń fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tí ó dì, ó sì ń bá a wí. Ojú kejì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti olùkọ́ wa, òun ni ọ̀gá, òun náà ni ọmọ iṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi í pé, "Ṣé o dì í?" Bí ara rẹ̀ ṣe bá àárẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mu tí kò fi tètè mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ojú rẹ̀ lè bá àṣìṣe ọwọ́ rẹ̀ mu. Ó lè ní òye; ẹlẹ́rìí ni kò ní.

Àwọn tí ó mọ ọkọ̀ wà jù lọ kò tẹ́ńbẹ́lú ojú kejì yìí. Nígbà tí Celica gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà ní 1984, 1985 àti 1986, lórí erùpẹ̀ àti òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ àtúnṣe a máa dúró de awakọ̀ lójú ọ̀nà láti yẹ ọkọ̀ wò. Ní Nàìjíríà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká, òǹkọ̀wé àti olùkọ́ yunifásítì, ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò jẹ́ ọlọ́pàá, kò sì jẹ́ mẹkáníìkì. Ohun tí ó bá ti dé títì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnì kan.

Ìdájọ́ wa nìyí, nígbà náà. Olùkọ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti tú ọkọ̀ rẹ̀, bí ó bá lè san gbèsè mẹ́ta. Kí ó kọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Kí ó má fi ohun èlò tí kò ní ṣe àwáwí: bí kò bá ní irin ìfúnpọ̀, kí ó gbé ibi tí ó jẹ mọ́ sípíríǹgì fún ẹni tí ó ní in, kí ó sì pààrọ̀ tọ̀tún tòsì pọ̀. Kí ó tó jáde sí títì, kí ó san owó fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà láti yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò, kí ó sì ṣe aláínmẹ́ǹtì. Òfin yìí mú mẹkáníìkì náà. Ọ̀gá tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ jáde láìwò ó kò sàn ju olùkọ́ wa lọ. Ó sì mú ẹni tí ó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì òun ti kú tí ó sì ń sáré lọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àìṣe náà ń pa ènìyàn.

Ọkọ̀ lè jẹ́ tiwa. Ọ̀nà, gbogbo wa ni a jọ ni ín. Ṣọ́ọ̀kì tí ó bá kú, ìléru Ògijo lè yọ́ ọ, kí ó sì di irin mìíràn. Ẹ̀mí tí ó bá bọ́, kò sí ìléru tí í tún un rọ.