Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Ìtìjú Pa Ọmọ Wa: Khutba Jimọ̀ Lórí Àrùn HPV

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ara wa, tí ó sì fi í ṣe àmánà sí wa lọ́wọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí jẹ mọ́ ojú ara, ó sì lè ti ẹlòmíràn lójú. Ẹ rántí pé àwọn obìnrin Ansar ní Mẹdínà a máa bi Ànábì léèrè ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ara wọn, Àíṣà sì yìn wọ́n nítorí pé ìtìjú kò dí wọn lọ́wọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí à ń pè ní HPV. Ìbálòpọ̀ àti ìfarakanra ojú ara ni ó fi ń ràn. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan, pàápàá ẹ̀yà 6 àti 11, a máa mú kí hóró ẹran kéékèèké hù lójú ara ọkùnrin tàbí obìnrin. Àwọn mìíràn, pàápàá ẹ̀yà 16 àti 18, kì í fi ara hàn níta. Ṣe ni wọ́n ń ba ọrùn ilé-ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ó fi lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lé kòkòrò náà lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 2; èyí tí ó bá kọ̀ tí kò lọ ni ó léwu.

Ààbò àkọ́kọ́ ni èyí tí Ọlọ́hun fi lélẹ̀: kí á jìnnà sí sìná, kí tọkọtaya sì pa ara wọn mọ́ fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí kò mọ ọkùnrin kankan títí di ọjọ́ yìgì rẹ̀ lè kó kòkòrò yìí lára ọkọ tí ó fẹ́ ẹ, nítorí pé ẹni tí ó ní in lè má mọ̀. Ìwà mímọ́ ọmọ wa nìkan kò lè gbà á lọ́wọ́ ohun tí ẹlòmíràn gbé wọlé.

Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára fi wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2024 ni ó dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un. Kì í wo àrùn tí ó ti wọlé sàn, nítorí náà ni ó fi yẹ kí ọmọ gbà á kí ó tó dé ilé ọkọ. Àwọn kan ń sọ pé yóò sọ ọmọ di àgàn. Irọ́ ni. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ni ó ń mú kí dókítà yọ ilé-ọmọ obìnrin kúrò. Àwa ará Apẹ̀tẹ̀ kò gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí ìkún omi gbé afárá wa lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń mọ odi omi. Ẹni tí ó bá dúró de àgbàrá ti pẹ́ jù.

Khutba kejì

Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá rí hóró yìí lára ìyàwó yín, ẹ má ṣe pè é ní alágbèrè. Kòkòrò náà lè sùn nínú ara fún oṣù tàbí ọdún kí ó tó hàn, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni ó ti wá. Ẹlẹ́rìí 4 ni Ọlọ́hun béèrè lórí ẹ̀sùn sìná, tàbí kí ọkọ fi orúkọ Rẹ̀ búra, kí ó sì gba ègún Rẹ̀ sórí bí ó bá purọ́. Hóró ara kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ jọ lọ rí dókítà: ìtọ́jú wà fún un. Ẹ má ṣe fi abẹ gé e nílé.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ti pé ọdún 30, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ bí kò tilẹ̀ sí ohun tí ń ṣe yín. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, ẹ má ṣe fi pamọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú ọmọbìnrin yín lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó súnmọ́ yín. Àmánà ni wọ́n. A ó jíhìn wọn.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó bo àṣírí wa, kí Ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Āmín.