Ẹni Tí A Gbé Pọ̀n Kì Í Mọ̀ Pé Ọ̀nà Jìn

Láàárín àwa ọ̀dọ́ tá a fẹ́ràn ká máa fẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó àti orí òkè, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde: hámọ́ọ̀kì wo ló fúyẹ́, tó sì tura láti sùn? Ibùsùn aláṣọ tí wọ́n ń so mọ́ igi méjì là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gun ìpele méjèèje omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà mọ ìdí tí ìbéèrè yẹn fi ṣe pàtàkì. Bí òkè bá ṣe ń ga sí i ni báàgì ẹ̀yìn ń wúwo sí i.

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe, aṣọ tó jọ ti agbòjò. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà fún ẹnì kan ń wọ̀n tó ìdajì kílò, àwọn míì ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má so ó le bí okùn ìsáṣọ. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ láàárín, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ ní ìdábùú díẹ̀, kí ẹ̀yìn yín lè tẹ́ dáadáa. Tí òjò bá lè rọ̀, ẹ mú tapólì kékeré dání. Ẹ má sì torí pé ẹ fẹ́ kí ẹrù fúyẹ́ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sílé. Ibà ò mọ̀ pé ìgbádùn lẹ wá ṣe.

Ibi tá a ti fẹ́ dúró díẹ̀ rèé. Ọ̀rẹ́ tó fi nẹ́ẹ̀tì sílé kí báàgì rẹ̀ lè fúyẹ́, nẹ́ẹ̀tì ta ló máa sá sábẹ́ rẹ̀ lóru? Ẹni tó gbé tiẹ̀ gun òkè ni. Àṣé ẹrù ò dín kù, ńṣe ló kàn kúrò lẹ́yìn ẹnì kan bọ́ sẹ́yìn ẹlòmíì. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa nìyí: ta ló ń gbé ìrọ̀rùn wa?

Hámọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ní ìtàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ àwọn Taíno, àwọn onílẹ̀ erékùṣù Caribbean, ni àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ rí i nígbà tí Columbus dé ibẹ̀ ní 1492. Ibùsùn lásán ni lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó di ọkọ̀. Wọ́n á so ó mọ́ ọ̀pá gígùn, òyìnbó á dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, àwọn ọkùnrin á gbé ọ̀pá náà lérí tàbí léjìká. Báyìí ni Richard Burton, kọ́ńsọ́ọ̀lù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe rin ìrìn àjò láti Ouidah lọ sí Abomey ní 1863 láti lọ rí ọba Gelele. Ẹṣin ò lè rọ́pò wọn, torí pé eṣinṣin tsetse tó wà nínú igbó máa ń kó àrùn tó ń pa ẹṣin. Ẹsẹ̀ èèyàn ló kù.

Ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú hámọ́ọ̀kì yẹn lè sọ pé ìrìn àjò náà tura. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ẹ bi àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀pá náà.

Ẹ fi èyí wé àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ní àwìn káàkiri. Orúkọ wọn wá látinú ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òun máa lóṣòó síbẹ̀ títí òun á fi gba owó òun. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn láti abúlé dé abúlé. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún irú wọn bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Àwọn kan á ní: ṣebí wọ́n sanwó fún alááàárù? Iṣẹ́ kì í ṣe ìwọ̀sí. A gbà bẹ́ẹ̀, kò sóhun tó burú nínú kéèyàn fi agbára rẹ̀ jẹun. Àmọ́ owó nìkan kọ́ ló ń sọ iṣẹ́ di iṣẹ́. Ṣé ẹni náà lè sọ pé rárá? Lábẹ́ ìjọba Faransé, tó fi mọ́ Dahomey, wọ́n fipá mú àwọn èèyàn ru ẹrù, ọdún 1946 sì ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe wọlé. Ibi tí rárá ò bá ti ṣeé sọ, owó tá a san ò fọ ọwọ́ wa mọ́.

Lọ́dọ̀ wa níbí, reluwé dé Òṣogbo ní 1907, mọ́tò náà dé, àwọn tó ń gbé hámọ́ọ̀kì sì ń dín kù. Ìwà yẹn ò tíì lọ ṣá o. Ká ní a dé ìsàlẹ̀ òkè, a sì rí ọmọkùnrin kan tó fẹ́ bá wa gbé kúlà. Ẹ bá a dá iye sọ kó tó gbé e, ẹ má dúró dìgbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tán. Kẹ́ ẹ tó sọ iye tẹ́ ẹ máa san, ẹ kọ́kọ́ gbé kúlà náà fúnra yín wò, kẹ́ ẹ fi gun òkúta mẹ́wàá péré. Ó ṣeé ṣe kí owó tó wà lọ́kàn yín yí padà.

Alááàárù kan ṣì kù tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá: igi. Òun ló ń gbé wa mọ́jú. Okùn tín-ín-rín máa ń gé èèpo rẹ̀, torí náà okùn pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ni ká lò, ká sì yẹra fún igi tó ti ń kú. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005, fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 75, èèwọ̀ sì ni kéèyàn gé igi níbẹ̀. Tá a bá lọ síbẹ̀, ká ká hámọ́ọ̀kì wa sínú báàgì, ká fẹsẹ̀ rìn, ká jókòó síbi tí wọ́n bá ní ká jókòó.

Kéèyàn fẹ́ sùn dáadáa kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ ra èyí tó fúyẹ́, ẹ ra èyí tó tura. Tẹ́ ẹ bá wá ń di báàgì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, tẹ́ ẹ sì yọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹ bi ara yín ẹ̀yìn ta ló ń bọ́ sí.