Kí Ni À Ń Pè Ní Ẹsẹ̀ Tí Ó Tọ́?

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ̀rọ̀ nípa igi tí kò wọ́ àti nípa ìwà tí kò ní àbùkù. A ń sọ pé ọ̀nà tọ́, a sì ń sọ pé ìdájọ́ tọ́. Ohun tí ó bá wọ́ ni a kò fẹ́, ìbáà ṣe òpó ilé, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Èdè tí ó so nǹkan méjì pọ̀ báyìí ti gba ohun kan gbọ́ kí ẹni tí ń sọ ọ́ tó ronú rárá, èyíinì ni pé ohun tí ó tọ́ gbọọrọ ni ó dára. Mo fẹ́ kí a yẹ ìgbàgbọ́ yìí wò lórí ohun tí a lè fi ọwọ́ kàn: orúnkún ènìyàn, àti iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ tí ń fi irin àti ike rọ́pò orúnkún tí ó ti bàjẹ́.

Nígbà tí àìsàn oríkèé bá ti jẹ ohun dídán tí ó bo orí egungun tán, egungun a máa ha egungun, àtirìn a sì di ìyà. Oníṣẹ́-abẹ a gé orí egungun itan àti orí egungun ojúgun díẹ̀. A fi irin dé ti òkè bí ẹni dé fìlà, a fi àwo irin pẹlẹbẹ lé ti ìsàlẹ̀, a sì fi ike líle sí àárín wọn. Láti ara orúnkún tí John Insall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní New York ní 1974 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ èyí tí a ń lò lónìí ti ṣẹ̀ wá. A ń ṣe iṣẹ́ náà ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá ní Nàìjíríà pẹ̀lú.

Gígé egungun nìkan kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Igun tí a óò gé e sí ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń wọn igun, kí ẹ wo bí dígírì 3 ti kéré tó lójú. Síbẹ̀, bí egungun ojúgun bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, ìṣìnà dígírì 3 ní orúnkún yóò gbé ọrùn-ẹsẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ìwúwo ara yóò wá máa tẹ ẹ̀gbẹ́ kan ike náà ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ní gbogbo ìṣísẹ̀, ní ojoojúmọ́, fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún. Aláìsàn kò rí ohun tí a ṣe, nítorí pé wọ́n ti kun ún ní oorun. Oníṣẹ́-abẹ pàápàá lè ti fẹ̀yìn tì kí àṣìṣe náà tó fi ara hàn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí a ṣe é, ni ó máa ń dán ọkàn òṣìṣẹ́ wò jù lọ.

Nítorí èyí ni àwọn àgbà iṣẹ́ náà ṣe fi òfin lélẹ̀. Wọ́n ní kí a fa ìlà kan láti àárín orí egungun itan, níbi tí ó ti wọ inú ìbàdí, dé àárín ọrùn-ẹsẹ̀, kí ìlà náà sì gba àárín orúnkún kọjá. Ẹni tí ó bá yà, kí ó má yà ju dígírì 3 lọ. Òfin náà kò ṣàì ní ẹ̀rí. Ní 1991, àwọn oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí jáde lórí orúnkún 115. Níbi tí ìlà yìí ti gba agbedeméjì orúnkún náà kọjá, 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó tú kúrò lára egungun. Níbi tí ó ti yà kúrò níbẹ̀, ó di 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní fẹ́ pa òfin mọ́?

Ọ̀pá gígùn tí a tì bọ inú egungun itan, àti ojú oníṣẹ́-abẹ fúnra rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wá ìlà náà. Ojú a sì máa tan ènìyàn jẹ. Ní 1997, ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, Dominique Saragaglia lo kọ̀ǹpútà láti fi tọ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́nà. Lẹ́yìn náà ni rọ́bọ́ọ̀tì dé. Ó dà bí ẹni pé ọ̀ràn ti parí.

Kò parí. Ní 2010, àwọn oníṣègùn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ròyìn orúnkún 398 lẹ́yìn ọdún 15. Nínú 292 tí ó wà láàárín ààlà òfin, 45 ni a ní láti tún ṣe. Nínú 106 tí ó jáde kúrò nínú ààlà, 14 ni. Olùkọ́ ìṣirò kò ní pẹ́ rí i pé àwọn tí ó rú òfin kò jìyà ju àwọn tí ó pa á mọ́ lọ. Ní 2012, Johan Bellemans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù wọn ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ 250, ọmọ ogún ọdún sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tí orúnkún kò dùn rárá. Nínú àwọn ọkùnrin, 32 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú àwọn obìnrin, 17 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ síta bí ọrun ọdẹ ní dígírì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe dàgbà nìyẹn, kò sì sí ohun tí ó ṣe wọ́n.

Níhìn-ín ni mo rò pé ó yẹ kí a dúró díẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ọfà ba ibi tí a ta á sí. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹran wà níbẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n kọ̀ǹpútà àti ti rọ́bọ́ọ̀tì, ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọn kò lè sọ fún wa ibi tí ó yẹ kí a ta ọfà sí, nítorí pé àwa ni a ń sọ ọ́ fún wọn. Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ díẹ̀ rìn fún ọgọ́ta ọdún, tí a sì sọ ọ́ di ọ̀pá gbọọrọ ní wákàtí méjì, a ní láti dẹ àwọn iṣan tí ó so egungun rẹ̀ pọ̀, iṣan tí kò ṣẹ̀ wá. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni iṣẹ́ náà kì í tẹ́ lọ́rùn, bí àwòrán egungun rẹ̀ tilẹ̀ dára. N kò sọ pé ìdí kan ṣoṣo nìyí. Ṣùgbọ́n láti 2006 ni Stephen Howell ní California ti ń gba ọ̀nà mìíràn: ó ń wá bí ẹsẹ̀ aláìsàn ti rí kí àìsàn tó dé, kí ó lè dá a padà síbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò rántí ìgbà tí àwọn ilé-ìwé ń fi pàṣán lé ọmọ tí ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Ìwé rẹ̀ kò burú. Ọwọ́ tí ó fi kọ ọ́ ni wọ́n ní kò tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mìíràn sì wà tí ó di pẹ́ńsù rẹ̀ mú lódì nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ, tí ìka rẹ̀ sì ń ro ó. Bí a bá fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní orúkọ ìṣẹ̀dá, a ti ṣẹ èkejì.

Ohun tí ó mú kí n má lè gbá òfin àtijọ́ dànù nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ ni a bí bẹ́ẹ̀. Àìsàn ìgbà èwe ni ó tẹ òmíràn. Ti ẹlòmíràn, orúnkún tí ń jẹrà fúnra rẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́, ẹni tí ó bá sì dá a padà sí wíwọ́ náà ti gbé àrùn sí ipò ìlera. Ta ni ó rí ẹsẹ̀ bàbá àádọ́rin ọdún nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ogún? Oníṣẹ́-abẹ a máa ṣírò rẹ̀ ni: ohun dídán tí ó ti jẹ lórí egungun tó nǹkan bíi mìlímítà 2, a fi ìyẹn kún un, a sì wo ẹsẹ̀ kejì, bí òun náà kò bá tíì bàjẹ́. Ìṣirò ni, kì í ṣe ìrántí. Ẹ sì wo ewu mìíràn: òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá lè gé egungun ségesège, kí ó ní bí Ọlọ́run ti dá ẹsẹ̀ náà ni òun tẹ̀ lé. Òfin kan fún gbogbo ènìyàn kì í jẹ́ kí ó rí ibi sá sí. Nítorí náà ni àwọn kan fi gba ọ̀nà àárín, tí wọ́n ń bá ìṣẹ̀dá lọ títí dé ààlà kan, tí wọn kì í sì í kọjá rẹ̀.

Ìwádìí tí ó fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn kò tíì fi ọ̀kan ṣe olórí èkejì pátápátá. Lójú tèmi, ohun tí èyí béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́-abẹ ni pé kí ó sọ irú títọ́ tí ó ń lé fún ẹni tí ó ni ẹsẹ̀, kí ó tó kun ún ní oorun, kí ó sì bi í ní ohun tí àwòrán egungun kò lè sọ: bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ láti ìgbà èwe, tàbí láti ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀. Bí bàbá náà kò bá rántí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rántí, àwòrán ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ sì lè wà lára ògiri ilé.