Ta Ló Rí Inú Eléré?



Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í sú ẹnu wa níbi tí a bá ti ń wo eré ìdárayá: "Ọ̀lẹ ni! Kò fẹ́ ṣeré ni! Owó ló ń wá!" A máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti wọ inú ọkàn eléré náà. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀ràn ọmọ Yorùbá kan, Musulumi bíi tiwa, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Èkó ni wọ́n bí Hakeem Olajuwon sí ní 1963. Bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n, ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún Houston Rockets ní Amẹ́ríkà ní 1984. Ní oṣù kẹta 1992, ó ní iṣan ẹ̀yìn itan ń dun òun. Àwọn dókítà ní ó lè ṣeré. Ni àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ bá ní ó ń díbọ́n ni, kí wọ́n lè fi kún owó rẹ̀. Wọ́n dá a dúró, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí gbogbo ayé gbọ́.

Ọ̀rọ̀ dókítà, ẹ̀rí ni. N kò ní fojú tín-ínrín rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá tìtorí rẹ̀ sọ pé "a kò ní sanwó ọjọ́ tí o kò ṣeré", ohun tó hàn sójú ni wọ́n fi dájọ́, ohun tí àwọn onímọ̀ wa sì ń kọ́ adájọ́ láti ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti orí "dókítà kò rí nǹkan kan" dé orí "òpùrọ́ ni ọ́", ọ̀nà jìn. Iṣan ni dókítà yẹ̀ wò, kò yẹ àníyàn wò. Ẹ rántí Usama ọmọ Zayd, tó pa ọkùnrin kan lójú ogun lẹ́yìn tí onítọ̀hún ti jẹ́rìí sí ìṣọ̀kan Ọlọ́run. Usama ní ìbẹ̀rù ikú ló mú un sọ ọ́. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) bi í léèrè bóyá ó la àyà ọkùnrin náà wò.

Ní ti ìwòran, ta ni yóò kọ́ àwa ará Ọ̀fà, tí ìjàkadì mọ́ wa lára? Òǹwòran rí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó lè sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró dáadáa, pé kò tètè dìmú. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bínú bí a bá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n agbára tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀, ta ló wọ̀n ọ́n?

Àwọn kan á ní ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló dá Hakeem láre: Rockets gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994 àti 1995. Ní oṣù kejì 1995, inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ló wà, síbẹ̀ òun ni wọ́n yàn ní eléré tó ta yọ jù lọ́ṣù náà. Orí mi wú sí i, bíi tiyín. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Ká ní ẹsẹ̀ náà kò san mọ́, tí Rockets kò gba ife kankan, ṣé ẹ̀sùn 1992 á wá di òdodo? Ọ̀pọ̀ eléré ni kò ní ife-ẹ̀yẹ tí wọn yóò fi dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ iléèwé tí a pè ní ọ̀lẹ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ibà sì ń ṣe é.