Ta Ni Ó Ni Sàráà Tí A Ti Ṣe?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ni ọrọ̀, tí ó sì fi ṣọ́ sí wa lọ́wọ́. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí á páyà Ọlọ́hun.

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, a kì í ṣe ahun. A ń pín ìrẹsì, a ń gbẹ́ kànga, a ń kọ́ ilé kéwú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi nǹkan tọrẹ nítorí Ọlọ́hun, ta ni ó ni ín? Ìwà wa ti máa ń dáhùn kí ẹnu wa tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí a san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ta kò wá ní ìpàdé. Ẹni tí a fún ní ìrẹsì gbọ́dọ̀ dúró kí á ya àwòrán rẹ̀. Kànga bàjẹ́, a kò jẹ́ kí àdúgbò tún un ṣe, nítorí pé orúkọ wa ni ó wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun ti kìlọ̀ nínú Súrátúl-Bákọ́rà pé ìrègún a máa ba sàráà jẹ́.

Àwọn òpìtàn ayé Ànábì sọ̀rọ̀ Mukhayriq, Yẹhúdì ọlọ́rọ̀ kan ní Mẹ̀dínà. Nígbà tí ó ń lọ sí ogun Uhudu, ní ọdún 3 Hijira, ó ní bí òun bá kú, kí dúkìá òun di ti Ànábì, kí ó lò ó bí Ọlọ́hun bá ti fi hàn án. Ó kú lọ́jọ́ náà. Ọgbà dàbínù méje ni ó fi sílẹ̀, Ànábì sì yà wọ́n sọ́tọ̀ fún sàráà. Irú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní waqf: a kì í tà á, a kì í jogún rẹ̀, èso rẹ̀ ni à ń ná.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ Yẹhúdì mìíràn, Julius Rosenwald, oníṣòwò ilé-iṣẹ́ Sears, gba ìmọ̀ràn Booker T. Washington. Láti ọdún 1912, ó ń fi owó ran kíkọ́ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní ìhà gúúsù. Kò dá a kọ́. Ó ní kí ìjọba mú tirẹ̀ wá, kí àwọn ará abúlé náà mú owó, ilẹ̀ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ wá. Nígbà tí yóò fi di 1932, ilé-ìwé náà ti lé ní 4,900, ohun tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sì ju ti Rosenwald lọ. Wọ́n ní ìpín nínú ilé-ìwé náà. Ó tún pàṣẹ pé kí àjọ òun ná gbogbo owó rẹ̀ tán láàrin ọdún 25 lẹ́yìn ikú òun. Ó kú ní 1932. Àjọ náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1948.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀nà méjèèjì tako ara wọn: ọ̀kan wà fún ìgbà pípẹ́, èkejì ní òpin. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, olówó mú ọwọ́ kúrò. Orúkọ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ Mohammed Shitta Bey wà lára mọ́sáláṣí tí ó kọ́ ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, 1894. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó kú. Kò sí ẹni tí ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wọlé kírun.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣoore tí ó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ẹni tí ebi ń pa, ẹ fún un kí ó jẹun. Ẹ má bi í ní ohun tí ó mú wá. Àwọ̀n tí a bá rà fún apẹja ní Ẹ̀pẹ́ ti di tirẹ̀. Kànga tí a bá gbẹ́ ní Ìkòròdú, kí á fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé àdúgbò lọ́wọ́, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa bójú tó àtúnṣe. Bí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ bá sì ta kò wá ní ìpàdé, kí á gbọ́ tirẹ̀. Owó ilé-ìwé ni a san. A kò ra ẹnu rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun gba sàráà wa, kí Ó má jẹ́ kí ìrègún jẹ ẹ́ run. Àmín.